Kì í Ṣe Pọ̀nmọ́ Ni Ọ̀tá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Anthrax

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Iléeṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá gbé ìkìlọ̀ kan jáde. Wọ́n ní àrùn anthrax ti bẹ́ sílẹ̀ ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ó sì ti pa èèyàn níbẹ̀. Wọ́n wá rọ ará ìlú pé kí wọ́n ṣì jáwọ́ ná nínú jíjẹ pọ̀nmọ́, ẹran tí wọ́n fi èéfín gbẹ àti ẹran ìgbẹ́.

Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀rọ̀ ti kún orí WhatsApp. Àwọn kan ní pọ̀nmọ́ ti di májèlé. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n ní ìjọba kàn ń wá bí wọ́n ṣe máa gba pọ̀nmọ́ lẹ́nu mẹ̀kúnnù ni, ṣebí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kò ṣe ara lóore, àti pé bàtà àti báàgì ló yẹ ká máa fi awọ ṣe. Àwọn tó kù ní àwọn á bọ̀ ọ́ dáadáa, àwọn á fi ata sí i, àwọn á sì jẹ ẹ́, kò sóhun tó máa ṣe àwọn.

Mo ka èyí tí mo lè kà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni bèèrè rẹ̀: báwo ni àrùn tó ń pa màlúù ní Gánà ṣe lè dé inú àwo ọbẹ̀ ní Ìbàdàn? Tá a bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí, a ó mọ ẹni tí ewu náà kọ́kọ́ ń bá, a ó mọ ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún, a ó sì mọ ohun tí kò yẹ ká máa torí ẹ̀ pàdánù oorun. Ohun tá a fẹ́ jọ kọ́ lónìí nìyẹn. Èmi náà fẹ́ràn pọ̀nmọ́, pàápàá nínú ẹ̀fọ́ rírò, nítorí náà ẹ má rò pé mo wá gba oúnjẹ lẹ́nu yín.

Kí ni anthrax gan-an?

Anthrax jẹ́ àrùn tí bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus anthracis ń fà. Àrùn ẹran tó ń jẹ koríko ni látilẹ̀wá: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹṣin, ràkúnmí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó lè ti ara wọn ran èèyàn.

Àrùn tó ń ti ara ẹranko ran èèyàn kò ṣàjèjì sí wa. Dìgbòlugi tí ajá ń kó ranni jẹ́ ọ̀kan. Ibà Lassa tí eku ń kó ranni jẹ́ òmíràn. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹranko, WOAH, sọ pé nínú àrùn àkóràn mẹ́wàá tó ń ṣe èèyàn, nǹkan bíi mẹ́fà ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹranko ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ dókítà ẹran kì í fi í ṣe ti ẹran nìkan. Ẹni tó bá ń tọ́jú màlúù, ìwọ àti èmi ló ń tọ́jú.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ àrùn yìí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èédú. Ìdí ni pé bí ó bá mú èèyàn lára awọ, ojú egbò náà á dúdú kirimú bí èédú.

Àrùn yìí tún ní ipò pàtàkì nínú ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1876, dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, lo anthrax láti fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan pàtó ló ń fa àrùn kan pàtó. Kì í ṣe ọ̀gá ní iléèwé ńlá nígbà yẹn o. Dókítà ìgbèríko ni, inú ilé ara rẹ̀ ló sì ti ń ṣe ìwádìí náà. Nínú ìwádìí yẹn, Koch rí nǹkan kan tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tá à ń sọ yìí. Ó rí i pé bakitéríà náà máa ń para dà.

Irúgbìn tó ń sùn

Ẹ fọkàn bá mi lọ díẹ̀ níbí, nítorí pé tí apá yìí bá yé yín, ìyókù á rọrùn.

Nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ṣì wà láàyè, ẹlẹgẹ́ ni bakitéríà yìí. Ó ń pọ̀ sí i kíákíá, ó ń tu májèlé sínú ara ẹran, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò lágbára. Iná lè pa á. Kódà, tí màlúù náà bá kú tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀bẹ kàn án, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọ inú rẹ̀. Bí òkú ẹran náà bá ṣe ń jẹrà, àwọn bakitéríà mìíràn tó ti wà nínú ìfun rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á borí ti anthrax, á sì kú tán nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá la ẹran náà, tàbí tí igún ya inú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á kan bakitéríà náà. Ibi tó ti para dà nìyẹn. Á ká ara rẹ̀ jọ, á fi èèpo líle bo ara rẹ̀, á wá dà bí irúgbìn tó ń sùn. Kò jẹ, kò mu, kò bí sí i. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ tiẹ̀ ni.

Ẹ wo àgbàdo. Àgbàdo tútù kì í pẹ́ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ lè gbé e pa mọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kí òjò tó rọ̀ kó sì hù bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni irúgbìn anthrax ṣe ń ṣe nínú ilẹ̀. Oòrùn ọ̀sán kì í tètè rí i pa, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á, otútù kì í pa á. Nígbà tí koríko bá kúrú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí màlúù ń jẹ ẹ́ mọ́ erùpẹ̀, tàbí nígbà tí òjò ńlá bá hú ilẹ̀ sókè, ẹran á gbé irúgbìn náà mì. Bó bá ti dé inú ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí.

Ó tó ìgbà wo tó lè sùn? Ẹ gbọ́ ìtàn méjì.

Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àgùntàn lọ sí erékùṣù kékeré kan ní Scotland tó ń jẹ́ Gruinard, wọ́n sì dán bọ́ǹbù anthrax wò lórí wọn. Àwọn àgùntàn náà kú. Irúgbìn àrùn náà wọlẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má dé erékùṣù náà mọ́. Ní ọdún 1986 ni wọ́n tó fi oògùn formaldehyde tí wọ́n pò mọ́ omi òkun fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n tó kéde pé èèyàn lè padà síbẹ̀. Ọdún 48 gbáko, nítorí ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016 ní agbègbè Yamal, ní àríwá orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń dì gbagidi bí yìnyín látọdúnmọ́dún. Lọ́dún yẹn, ooru mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó ti dì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, irúgbìn anthrax tó ti wà nísàlẹ̀ látayébáyé sì jáde. Ó pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn tó lé ní 2,000, ó sì pa ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 12 kan. Láti ọdún 1941 ni wọn kò ti rí àrùn náà ní agbègbè yẹn mọ́.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọ̀bẹ tí ẹnì kan fi la òkú màlúù lónìí lè gbin àrùn sílẹ̀ de ọmọ tí wọn ò tíì bí.

Ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà mú èèyàn

Ọ̀nà kìíní ni awọ ara. Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ: nínú èèyàn 100 tí anthrax mú, ó lé ní 95 tó jẹ́ pé awọ ló gbà wọlé. Ẹni tó ní ọgbẹ́ tàbí ojú geere lọ́wọ́ fọwọ́ kan ẹran, ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ tó ní àrùn náà. Láàárín ọjọ́ kan sí ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan kan á sọ síbẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò jẹni, á máa yún un. Á di ìléròrò, á bẹ́, ojú rẹ̀ á sì dúdú. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé egbò náà kì í sábà dunni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní, "Kò tiẹ̀ ro mí," á sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹnu: kéèyàn jẹ ẹran tó ní àrùn náà. Inú rírun, èébì, ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn tó lẹ́jẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun tó wú. Èyí ṣọ̀wọ́n ju ti awọ lọ, àmọ́ ó le jù ú lọ.

Ọ̀nà kẹta ni imú: kéèyàn fa irúgbìn náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òun ló ń pani jù. Ní ìlú Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń ṣa irun àgùntàn ní iléeṣẹ́ aṣọ ló máa ń mú, débi pé wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ wọn pe àrùn náà.

Ó tún yẹ kí àwa tá a ní ìlù gbọ́ èyí. Ní ọdún 2006, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù ní New York fa irúgbìn anthrax símú lára awọ gbígbẹ tó gbé wá láti Côte d'Ivoire. Orí kó o yọ. Ní ọdún 2008, oníṣẹ́ ìlù kan ní London kò rí bẹ́ẹ̀ yọ. Awọ tó ń fá ló kó o ràn án, ó sì kú. Iṣẹ́ fífá awọ gbígbẹ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé tó dáa ni mo ń sọ o. Ẹni tó ń jó sí ìlù kò rí nǹkan kan bẹ̀rù níbẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé anthrax kì í ti ara èèyàn ran èèyàn bí ti òtútù tàbí ikọ́. Ẹ má sá fún ẹni tó ní in. Ìròyìn ayọ̀ kejì ni pé oògùn wà fún un: pẹnisílìn, ciprofloxacin àti doxycycline wà lára àwọn tí dókítà ń lò. Tí ti awọ ara bá mú èèyàn tí kò sì gba ìtọ́jú, ó lè pa tó 20 nínú 100. Tó bá tètè gba ìtọ́jú, ekukáká ni kó pa ẹnì kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé kéèyàn tètè dé ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún dókítà pé, "Mo fọwọ́ kan màlúù tó kú." Gbólóhùn kékeré yẹn lè gbani là, nítorí pé dókítà tí kò bá gbọ́ ọ lè rò pé eéwo lásán ni.

Ó dáa, pọ̀nmọ́ wá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé awọ náà láti orí ẹran dé inú ìkòkò.

Tí wọ́n bá pa màlúù tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ odò ẹran, tí ara rẹ̀ dá, tí dókítà ẹran sì yẹ̀ ẹ́ wò, pọ̀nmọ́ rẹ̀ kò fi nǹkan kan burú ju ẹran rẹ̀ lọ ní ti anthrax. Bó bá jẹ́ màlúù tí anthrax pa ni, ewu wà lára gbogbo rẹ̀: ẹran, ẹ̀dọ̀, ṣàkì, awọ, ìwo, egungun. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti pọ̀nmọ́. Ikú tí màlúù náà kú ni ẹ bèèrè.

Ẹ tún wo ẹni tí ewu náà kọ́kọ́ ń bá. Ẹni tó dúńbú ẹran náà ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó bó awọ rẹ̀, ẹni tó rù ú, ẹni tó jó o lórí iná, ẹni tó fi abẹ fá a, tó fi omi fọ̀ ọ́. Ìyá tó ń tà á lọ́jà tẹ̀ lé wọn. Ìwọ tó o jẹ ẹ́ lo wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ariwo ń lọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́dún yẹn, nípa ẹnu wa nìkan là ń sọ. N kò rí ẹni tó ń sọ nípa ọwọ́ alápatà.

Kí nìdí tí ìkìlọ̀ náà fi wá dárúkọ pọ̀nmọ́? Bí mo ṣe rò ó rèé. Ẹran tútù tí wọ́n pa láàárọ̀ yìí ní Bódìjà tàbí ní Oko-Ọba l'Ágége, àná làwọn èèyàn ṣì ń rí màlúù náà lórí ìdúró. Awọ yàtọ̀. Awọ lè gbẹ, ó lè gun ọkọ̀, ó lè kọjá bodè, ó lè gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ irú ikú tí ẹran náà kú mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran tí wọ́n fi èéfín gbẹ àti ẹran ìgbẹ́.

Mo gbé ìbéèrè yìí lọ sọ́jà. Mo kí ìyá àgbà kan tó ń ta pọ̀nmọ́, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni awọ yìí ti wá?"

Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó gbé e wá fún mi ni mo mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó gbé e wá fún òun náà." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ gbé e níyàwó, tó o fi ń wádìí ìdílé ẹ̀?"

Mo rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. A máa ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́ ọmọ wọn, nítorí a mọ̀ pé ohun tó bá wọlé kì í tètè jáde. Ohun tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ náà yẹ lóhun tá a ń wádìí.

Ṣé bíbọ̀ kò ní pa á?

Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ rántí pé ìrísí méjì ni bakitéríà yìí ní. Ti ẹlẹgẹ́, omi gbígbóná á pa á. Ti irúgbìn tó fi èèpo bo ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ní ilé ìwòsàn àti yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n bá fẹ́ kó dá wọn lójú pé irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ tó ń fi agbára há ooru omi mọ́nú ni wọ́n ń lò, tí ìgbóná rẹ̀ á tó ìwọ̀n 121 ti Celsius. Omi tó ń hó nínú ìkòkò wa kì í ju 100 lọ. Inú ẹran tó sì ki, ìgbóná kì í kárí rẹ̀ bó ṣe kárí omi.

Kì í ṣe pé bíbọ̀ kò wúlò o. Bíbọ̀ ẹran dáadáa ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn, ẹ má ṣe jáwọ́ níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé iná kò lè sọ ẹran tí anthrax pa di ẹran jíjẹ. Ata kò lè ṣe é, èéfín kò lè ṣe é. Kódà, ẹni tó bá dé ìdí bíbọ̀, ó ti fọwọ́ kàn án ná, ọwọ́ sì ni àrùn náà ń gbà wọlé jù.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Suleja

Ní oṣù keje ọdún 2023 kan náà, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní oko kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti ojú ihò ara àwọn ẹran náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kò sì dì.

Wọ́n ta ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ẹran lórílẹ̀-èdè lólobó. Ikọ̀ kan lọ síbẹ̀, wọ́n gba àyẹ̀wò, iléeṣẹ́ ìwádìí NVRI tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé anthrax ni. Bí Nàìjíríà ṣe mọ̀ pé àrùn náà ti wọlé nìyẹn. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta wọ́n lólobó ni iṣẹ́ ìgbàlà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n fi ọ̀bẹ kàn wọ́n ni, kí wọ́n kó wọn lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ náà ì bá gba ibòmíràn yọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́ àmì wọ̀nyí sórí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹbí yín ń sin ẹran. Ẹran tí kò ṣàìsàn lánàá kú lójijì. Ikùn rẹ̀ wú kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú, ẹnu tàbí ìdí rẹ̀, kò sì dì. Ara òkú rẹ̀ kò le gan-an bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má là á láti wo ohun tó pa á. Wíwò yẹn gan-an ni àjálù.

Ta ló máa san owó màlúù?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló ń mú kí ẹran tó kú fúnra rẹ̀ dé ọjà. Owó ni. Màlúù kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí darandaran kan ń wò bí owó iléèwé ọmọ. Bí ó bá ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀, tí ẹnì kan sì sọ pé òun á rà á ní ẹ̀dínwó kó tó rùn, ìdánwò ńlá ni. Àwọn Mùsùlùmí ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní òkúǹbete, èèwọ̀ ni jíjẹ rẹ̀ fún wọn. Òfin Mósè nínú Bíbélì náà kọ̀ ọ́. Gbogbo wa la gbọ́, àmọ́ ebi àti gbèsè kì í sábà gbọ́ wàásù.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Ohun méjì ló wà tó lè ṣe iṣẹ́ ju ìkìlọ̀ lọ.

Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà. Ní ọdún 1881, Louis Pasteur pín àgùntàn sí ọ̀nà méjì níwájú èrò ní abúlé Pouilly-le-Fort ní ilẹ̀ Faransé. Ó fún apá kan ní àjẹsára, kò fún apá kejì, lẹ́yìn náà ó fi anthrax gún gbogbo wọn. Àwọn tó gba àjẹsára yè é. Àwọn tí kò gbà á kú. Ní ọdún 1930 sókè, dókítà ẹran kan ní South Africa, Max Sterne, ṣe èyí tó dáa ju ti Pasteur lọ, tiẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ń lò fún ẹran káàkiri ayé títí dòní. NVRI ní Vom ń ṣe àjẹsára anthrax fún ẹran nílẹ̀ wa níbí. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún ẹran ní ibi tí àrùn náà wà, owó rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó màlúù kan.

Èkejì ni pé kí ẹni tó bá sọ òótọ́ má fi òótọ́ jẹ gbèsè. Tí olóko bá mọ̀ pé bí òun bá pe dókítà ẹran, wọ́n á kàn sun màlúù òun, wọ́n á ti oko òun pa, wọ́n á sì fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ta ló máa pè? Bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ olóko bá lè gbà lára rẹ̀, àṣírí ìlera gbogbo wa ló ń bò.

Kí ni kí ìwọ àti èmi ṣe?

Ẹ ra ẹran lọ́dọ̀ alápatà tẹ́ ẹ mọ̀, tó ń pa ẹran ní odò ẹran tí dókítà ẹran ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà yìí ń wo màlúù lórí ìdúró kí wọ́n tó pa á, ó tún ń wo ẹ̀dọ̀, fúkù àti ìfun rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Kì í ṣe anthrax nìkan ló ń wá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe màlúù, tó lè ran èèyàn, wà lára ohun tó ń wá nínú fúkù.

Bí ẹran bá wọ́n lọ́jà tí ẹnì kan sì ń ta tiẹ̀ ní ìdajì owó, ẹ bèèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó ń fi màlúù ta ọrẹ.

Tí ẹran bá kú lójijì ládùúgbò yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ má jù ú sódò, ẹ lé ajá àti ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ẹ pe ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ìpínlẹ̀ yín. Àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún tàbí bí wọ́n ṣe ń sin ín jìn láì là á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹran tàbí awọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, ẹ fi nǹkan bo ọgbẹ́ ọwọ́ yín, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Egbò dúdú tí kò dunni kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo tàbí oògùn kẹ́míìsì dán wò. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì tún rí ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ ìlà kan mọ́ ọn: ẹ bèèrè ikú tó pa màlúù.